Ẹ̀rọ Ẹlẹ́sẹ̀ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ti Ilé-iṣẹ́ Kajú Wa Pa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, mo kí yín. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń ka èyí lẹ́yìn zẹ́mì, kó ní kí oní-zẹ́mì dúró, kó sọ̀kalẹ̀ ná. Ọmọ mi Rósì máa ń kàwé lẹ́yìn ọ̀kadà, ó sì rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Mẹkaníìkì ni mí. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù ni ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ́ kajú ní Tchaourou, kò jìnnà sí ojú rélùwéè. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú: mo béèrè, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò ní ìtàn nínú: ó ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́.

Abúlé kan ní apá Sanson ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì kà á tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sí nígbà náà, bí ẹ bá sì bi mí, kò sí títí di òní. Bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Súlè, tó ń tún ẹ̀rọ ìlọgbàdo ṣe láti Tchaourou títí dé Kika. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í ké, kì í bú èèyàn. Sálúbàtà rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ níwájú òun pé iṣẹ́ ti dára. Tí o bá ti tún ẹ̀rọ ṣe tán, yóò jókòó sórí àpótí, yóò wá bi ọ́ pé, “Kí ló kù?” Tí o bá ní kò ku nǹkan kan, yóò bọ́ sálúbàtà ọ̀tún. O gbọ́dọ̀ wá nǹkan tó kù: bóòtù kan tó ń mì díẹ̀, bẹ́líìtì tó gbẹ, òróró tó ń jò. A máa ń yí ẹ̀rọ náà po bí ẹni tó sọ òrùka nù. Ní ọjọ́ kan ní Kika, mo wo ẹ̀rọ obìnrin kan láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí ohunkóhun.

Ọ̀gá Súlè ní, “Kí ló kù?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin ló kù. Ẹ kò tíì jẹun láti àárọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú. Ó wá bọ́ sálúbàtà.

Ó tún le lórí aṣọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ alápá gbòòrò wá síbi bẹ́líìtì tó ń yí, Ọ̀gá Súlè yóò gé apá aṣọ náà, yóò sì fi nu irin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìka mẹ́wàá ni mo fi wọ ibẹ̀, ìka mẹ́wàá náà ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ gé apá aṣọ yín fúnra yín.

Ìgbà tí mo wọ ilé-iṣẹ́ kajú ni ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Wọ́n ti ṣe àpérò ńlá ní Cotonou, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ti lọ, wọ́n sì ti ní kí oníkálukú máa sọ èrò ọkàn rẹ̀. Gbogbo Tchaourou wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpàdé. Àwọn oní-zẹ́mì ṣèpàdé. Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá rélùwéè ṣèpàdé. Àwọn akọrin ìjọ wa dìbò yọ olórí wọn, wọ́n sì dìbò fi í padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí pé òun nìkan ló mọ bí orin ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Olórí ilé-iṣẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dirẹ́tọ̀, fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí gan-an. Ọmọ Tchaourou ni, ó kàwé ní Cotonou, ó sì padà wálé wá fẹ́ ọmọ ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́, ìyá Àbẹ̀kẹ́ yìí náà ló sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń fọ́ kajú fún wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìyá ìyàwó Dirẹ́tọ̀ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ Dirẹ́tọ̀.

Nígbà náà, ilẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí, wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n á gbé kajú lé orí òkúta, wọ́n á fi igi kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ti fi eérú pa ọwọ́, nítorí oje èèpo kajú máa ń bó awọ ara bí iná. Ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni kí ọmọ inú rẹ̀ jáde lódindi. Tó bá ti fọ́, ó di ẹ̀rún, ẹ̀rún kò sì níyì lọ́jà. Àwọn obìnrin wa mọ̀ ọ́n kàn, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, ọwọ́ wọn sì ń bó.

Dirẹ́tọ̀ wá ní òun máa ra ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ní Parakou. Kí ó má bàa dà bíi pé ó fi tipá ṣe é, ó pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò.

“Ta ló fẹ́ ẹ̀rọ tuntun? Kí ó nawọ́.”

Gbogbo wọn nawọ́.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí ó lè rí bó ṣe yẹ, òun máa béèrè èkejì. “Ta ló fẹ́ kí a máa bá òkúta lọ?”

Gbogbo wọn tún nawọ́.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ kò lè fẹ́ méjèèjì.”

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó fa ìborí rẹ̀ wá síwájú. “Àna wa, èyí tí ẹ bá fẹ́ ni a fẹ́.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe dé. Èmi ni mo tò wọ́n. Tábìlì kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ méjì wà lórí rẹ̀ tó kọjú síra wọn, sípíríǹgì ńlá kan wà nísàlẹ̀ láàárín, pẹ́dáàlì kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sípíríǹgì náà. Èèyàn á jókòó kọjú sí i, á fi ẹsẹ̀ òsì ṣí abẹ, á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pa á dé. Mo dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kajú ń la bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ inú rẹ̀ ń jáde lódindi. A tò wọ́n sínú gbọ̀ngàn, ìkíní, ti Ìyá Àbẹ̀kẹ́, wà ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Dirẹ́tọ̀, kí wọ́n lè rí i pé ó bọ̀wọ̀ fún àna rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rún kún agbọ̀n. Ọmọ kajú ń fọ́ ju ìgbà òkúta lọ.

Dirẹ́tọ̀ jáde, ó bi wọ́n. “Ẹ̀yin màmá, báwo ni ẹ̀rọ náà?”

“Ó dára.”

“Ṣé kò ní wàhálà kankan?”

“Ó dára gan-an ni, a dúpẹ́.”

Ó kan àpótí kan mọ́ ara ògiri, ó lu ihò sí i lórí, ó ní ẹni tí ojú bá ń tì kó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, kó jù ú síbẹ̀, kó má kọ orúkọ. Nígbà tí a ṣí i, ìwé kan ṣoṣo la bá níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún Dirẹ́tọ̀ ní ọmọ púpọ̀ sí i. Dirẹ́tọ̀ ti bí mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ wá yọ àpótí náà kúrò.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bú u: “Irin aláìnítìjú! Irin tí kò mọ àgbà!” Mo rò pé ó ń le lẹ́sẹ̀ ni, mo fi gíríìsì sí i. Ní ọjọ́ kejì: “Irin yìí, ta ló tọ́ ọ dàgbà?” Mo tún fi gíríìsì sí i. Gíríìsì pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí pẹ́dáàlì.

Oníbàárà wa wá láti Cotonou lákòókò yẹn. Ọkùnrin gíga kan ni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bọ inú àpò kajú kan, ó bu ẹ̀rún, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní iyanrìn jẹ. Dirẹ́tọ̀ ní kí ó má bínú, kó wá wo ẹ̀rọ tuntun. Ó yíjú sí Ìyá Àbẹ̀kẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi hàn wọ́n.”

Màmá náà jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, itan méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ó fi ìró rẹ̀ wé ẹsẹ̀ dáadáa, ó wá na ẹsẹ̀ kan jáde, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì bí ẹni tó ń yẹ omi gbígbóná wò. Abẹ náà wá láàbọ̀. Kajú fọ́ yányán. Ó mú òmíràn. Ó fọ́.

Dirẹ́tọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó jókòó gbọnrangandan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Odindi. Èmi náà jókòó. Odindi.

Oníbàárà wò wá. “Nítorí náà ẹ̀yin ọkùnrin méjì yìí ni ẹ máa fọ́ gbogbo kajú Tchaourou?” Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní tí òun bá padà wá tó ṣì rí báyìí, Parakou ni òun máa ti máa rà.

Gbogbo wa mọ ohun tó sọ. Kò sí oníbàárà mìíràn. Tó bá lọ, ilẹ̀kùn máa tì nìyẹn, àwọn obìnrin yẹn á padà sídìí òkúta nílé, olúkúlùkù lórí tirẹ̀. Èmi sì ní ti èmi lọ́rùn: àbúrò mi obìnrin tó ń tajà ní apá Nàìjíríà ti ń sọ pé kí n jẹ́ kí Rósì gba ọ̀nà Kika wá bá òun, kó wá máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń sọ pé rárá, ọmọ mi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ti rò ó wò lórí ibùsùn: ta ni yóò máa wo ọ̀nà fún un tó bá fẹ́ sọdá títì? Ta ni yóò sọ fún un pé kó mú súwẹ́tà nígbà ọyẹ́?

Mo gbé ẹ̀rọ kan lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé láti tú u. Mo tú u, mo wọn abẹ, mo wọn sípíríǹgì, mo tò ó padà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìyàwó mi dúró, ó ń wò mí.

“Bàbá Rósì, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.”

“Ṣọ́ra fún abẹ o.”

Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó wo àwọn ọmọkùnrin wa, ó ní kí wọ́n lọ pọnmi. Ó wo bàbá ilé kejì tó jókòó lẹ́bàá ògiri níta. Ó wá wò mí. “Ẹ̀yin náà, ẹ jáde.”

“Èmi ọkọ rẹ?”

“Ẹ jáde.”

Ó kù òun àti Rósì nínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Èmi dúró lóde, ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìka rẹ̀, mo ń pariwo pé, “Rọra! Fi eérú pa ọwọ́!” Mo ń gbọ́ kàù, kàù, kàù. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, abọ́ kan kún fún ọmọ kajú lódindi, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́.

Mo ní, “Kí lo ṣe sí i?”

“Mo ti ilẹ̀kùn.”

“Mo rí i pé o ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà ni mo ní, kí lo yí níbẹ̀?”

Rósì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀. “Bàbá Rósì. Obìnrin tó ró ìró, tó ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ta ló jókòó lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ níbi iṣẹ́ yín?”

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó wọ̀ mí létí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rósì.

Ẹ wò ó, mímọ̀ ọ́n rọrùn. Báwo ni mo ṣe máa lọ bá ọkùnrin kan, kí n máa bá a sọ̀rọ̀ nípa itan ìyá ìyàwó rẹ̀? Mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, mo fi àpò há abíyá.

“Dirẹ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni.”

“Ṣé abẹ ni?”

“Kì í ṣe abẹ.”

“Sípíríǹgì?”

“Ó súnmọ́ sípíríǹgì. Ibi tí ó wà ni. Ó mú kí pẹ́dáàlì jìnnà síra jù fún… fún irú aṣọ kan.”

“Irú aṣọ wo?”

Mo tú àpò, mo mú ìró ìyàwó mi jáde, mo ró o lé ṣòkòtò, mo sì jókòó ya ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni wà nídìí ẹ̀rọ. Lásìkò yẹn gan-an ni ọlọ́dẹ wa wọlé. Ó wò mí, ó wo Dirẹ́tọ̀, ó ní òun máa padà wá, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Dirẹ́tọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó gba ojú fèrèsé ara ilẹ̀kùn rẹ̀ wo ọ̀kánkán, níbi tí àna rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé.”

“Àti pé èmi ni mo ní kí ẹ gbé e síbẹ̀. Kí n lè bọ̀wọ̀ fún wọn.”

Ó ní kí wọ́n fi ẹní sé iwájú gbogbo ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Gbọ̀ngàn ṣú, ooru mú, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá wọn ń sunkún. Ó lọ bi àwọn obìnrin náà. Ó sá tọ̀ mí wá nídìí irin.

“Bàbá Rósì, wọ́n ní ó dára. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ohun tí a wá ṣe, ìyàwó mi ló mú un wá. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́. Gbogbo ọkùnrin jáde lọ sídìí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé: Dirẹ́tọ̀, ọlọ́dẹ àti èmi. Àwọn obìnrin yí ẹ̀rọ kan ká nínú gbọ̀ngàn, ìyàwó mi dúró tì wọ́n, wọ́n sì sọ tinú wọn fún un. Ariwo náà pọ̀ débi pé ọlọ́dẹ ń bẹ̀bẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi wá jáde wá jíṣẹ́.

“Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀rọ pé kó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ. Wọ́n ní ẹni tó pọnmọ kò lè tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹní yẹn ń sé atẹ́gùn. Wọ́n ní kí ẹni tó ń fi gíríìsì pa ẹ̀rọ bí ẹni ń pa ọmọ tuntun ní ìpara, kó jáwọ́.”

Mo wolẹ̀.

Dirẹ́tọ̀ ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ máa ṣàtúnṣe.”

“Ó ku ọ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ máa ń pẹ́ kó tó dé láàárọ̀, wọ́n á sì dúró sínú òòrùn títí yóò fi mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

Ọlọ́dẹ wo ojú ọ̀run. Dirẹ́tọ̀ wúkọ́. “Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ á máa tètè jí.”

Mo gbé sípíríǹgì lọ sẹ́yìn tábìlì, mo kó pẹ́dáàlì méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún gìgísẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ ìka, kí obìnrin lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà papọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rọ gbọ́ pé ó ń dun ọrùn ẹsẹ̀. Mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ gbọ́ pé ó ga jù. Mo gé e. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó mi jáde wá, ó ní wọn kò bú u mọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́. A yọ ẹní.

Oníbàárà padà dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sídìí Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó dúró tì í. Màmá náà jókòó bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìró wà ní àyè rẹ̀, ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ gìgísẹ̀, ó tẹ ọmọ ìka. Odindi. Ó mú òmíràn. Odindi. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jẹ ẹ́, ó tún na ọwọ́. Màmá náà fa agbọ̀n sẹ́yìn.

“Ẹ ra èyí tó kù,” ló wí.

Ó rà á. Ọkọ̀ ojú irin kó àpò wa lọ sí Cotonou lọ́sẹ̀ yẹn, Rósì sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo tẹ̀ lé e dé ìkóríta, mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Ó juwọ́ sí mi.

Irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn ìyẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mọ́tò oníná dé, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀rọ tó ń yan kajú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ tẹlifóònù tí oníbàárà fi ń wo kajú láìjáde nílé. Ìgbàkígbà tí nǹkan tuntun bá wọlé, Dirẹ́tọ̀ á kó gbogbo wa jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì dúró títí tí wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀ tán. Díẹ̀díẹ̀ àwọn obìnrin náà kò ní kí a jáde mọ́. Nígbà tó yá, wọn kò pe ẹ̀rọ mọ́, orúkọ ẹni ni wọ́n ń pè.

Ìdí rèé tí ìdágbére ìfẹ̀yìntì mi kò fi rí bí mo ṣe rò ó. Mo wọ aṣọ tuntun, mo jókòó lórí àga, mo ń retí ìyìn. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tó ti darúgbó, ló kọ́kọ́ dìde. “Bàbá Rósì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàníyàn jù, ó sì ń kó àníyàn ran ẹ̀rọ.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní mo máa ń da irinṣẹ́ sọ́nà. Òmíràn ní ìkìlọ̀ mi lórí eérú ti pọ̀ ju eérú lọ. Wọ́n ń dìde ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, inú wọn ń dùn, Dirẹ́tọ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di àga mú. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ló sọ tirẹ̀ kẹ́yìn: ìjókòó òun ń dún kín-ín kín-ín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti ṣèlérí pé mo máa wò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ọlọ́dẹ di ilẹ̀kùn mú.

“Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìntì.”

Mo ní, “Ṣé wọ́n ti sọ fún ìjókòó náà?”

Ó ronú díẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.